Ògiri Tó Dán Jù

Ọkọ mi kì í rí ògiri kó má fọwọ́ pa á. Bí a bá lọ kí aláìsàn nílé ìwòsàn, kó tó béèrè pé báwo ni ara ṣe rí, á ti rọra fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á sì yínmú. Kò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń bá a gbé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé, mo mọ ohun tí imú yẹn ń wí. Ó ń wí pé ọ̀lẹ ló rẹ́ ògiri náà.

Iṣẹ́ ògiri rírẹ́ ló ń ṣe. Kì í ṣe birikilà tó ń to búlọ́ọ̀kù o. Àwọn yẹn á mọ ilé, wọ́n á gba owó wọn lọ, òun á wá po símẹ́ńtì, á sì máa rẹ́ ojú ògiri títí tí á fi ń kọ mọ̀nà. Dígí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí wọ́n ní èèyàn lè dúró níwájú ògiri tó bá rẹ́ kó fá irùngbọ̀n. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló fi ń polówó ara rẹ̀. Àlejò tó bá wọlé, kó tó jókòó, ọkọ mi á ti fà á lọ síbẹ̀: "Ẹ fọwọ́ pa á. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ wò ó." Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ Yárayára, ọkùnrin kejì tó ń ṣiṣẹ́ ògiri ládùúgbò wa, tó máa ń parí ilé mẹ́ta kí ọkọ mi tó parí ẹyọ kan, ọkọ mi á kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ Yárayára rí bí ojú ọ̀nà tí àgbàrá gbá.

Èmi, aránṣọ ni mí, aṣọ fèrèsé ni mo sì ń rán jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin. Ìyá Àgbà ni bàbá rẹ̀ ń pè é, láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó máa ń jókòó sórí ẹní, tí á máa wo gbogbo wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lágbára; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí i. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì ń rìn dáadáa, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń rìn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa oògùn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fún un ní yàrá. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń ṣàìsàn pọ̀ ju ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá lọ. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mo ti dìde." Mo bi í pé níbo ló ti fara pa. Ó ní òun ti dìde. Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bi í ní ìbéèrè kan náà, ó gba èsì kan náà. Kò lè jẹun tán lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò jẹun tán, àmọ́ èmi ni mo fọ abọ́.

A wá ilé ìsàlẹ̀ tí a lè gbà fún un lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́. Onílé kan ní òun kì í gba akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń pariwo. Òmíràn wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀ ilé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, ó ní ilé ti lọ. Ilé ti lọ, pátákó tí wọ́n fi ń wá ayálégbé ṣì wà lára géètì rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ní kí n jẹ́ ká máa lọ, òun ò fẹ́ gbé lọ́dọ̀ ẹni tí òun ò fẹ́ràn ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá ni a gbọ́ pé Tíṣà fẹ́ ta ilé rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Tíṣà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀: yàrá kan, pálọ̀ kan, ilé ìdáná, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó so gbogbo wọn pọ̀. Ìsàlẹ̀ ló wà. Kò sí àtẹ̀gùn kankan. Ẹnu ọ̀nà gan-an kò ga débi téèyàn á gbẹ́sẹ̀ sókè. Bí èèyàn bá dúró sí fèrèsé pálọ̀, á máa wo géètì ilé ẹ̀kọ́ náà lódìkejì títì. Ìyá Àgbà wọlé, ó rìn yípo, ó dúró sí fèrèsé yẹn. Kò sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ó kàn gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó fọwọ́ méjèèjì lé ojú fèrèsé. Mo mọ ọmọ mi. Ibi tó bá ti gbé ọ̀pá sílẹ̀, ibẹ̀ ló fẹ́ wà.

"Ẹnìkan tó ń ta táyà ti ń fi owó lọ̀ mí," Tíṣà sọ fún wa. "Ó fẹ́ sọ ibí di ilé ìkẹ́rùsí. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kó táyà sínú yàrá tí mo ti ń sùn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́. Àmọ́ mi ò lè dúró dè yín títí ayé o. Tí oṣù yìí bá parí tí ẹ ò tíì ṣe tán, onítáyà ló ni ín."

A ò lówó tó lè ra ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ní in nínú àwa tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun? A lọ sí báńkì pé kí wọ́n yá wa, ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Akọ̀wé, gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní òbí tó ń ra ilé fún ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun lójú àwọn. Ó yẹ iṣẹ́ tí à ń ṣe wò, ó yẹ bí a ṣe ń náwó wò, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Ó ku ohun kan ṣoṣo: àwọn á rán ọkùnrin tó ń yẹ ilé wò fún báńkì lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé náà kò ní wó lé owó wọn lórí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Tíṣà kí n lọ wọn fèrèsé, torí mo ti ń fi aṣọ fèrèsé ọmọ mi lá àlá. Ọkọ mi ní òun á bá mi di ẹnu téèpù mú. Ó dì í mú ní fèrèsé àkọ́kọ́. Nígbà tí a dé èkejì, ẹnu téèpù já bọ́ sílẹ̀, mo wẹ̀yìn, mi ò rí ọkọ. Ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún.

Ògiri náà ti lanu. Kì í ṣe ẹnu ńlá: ìlà kan báyìí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá, tó sì wọ́ kọ́rọkọ̀rọ lọ sókè. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti ibí yìí, kí aláǹgbá tó gbọ́, ọkọ mi ti wọ̀ ọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá Ìyá Àgbà," mo sọ. "Kò tíì di tiwa."

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Ẹ kàn ń wò ó, kí wá ni ọwọ́ yín ń ṣe?"

Èékánná rẹ̀ ti wà nínú ìlà náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ gba kọ́kọ́rọ́ náà padà lọ́dọ̀ Tíṣà. Irọ́ tó pa láti fi gbà á, mi ò gbọ́ ọ títí di ọjọ́ tí àwa méjèèjì jọ wà níwájú Tíṣà. Ó gbé garawa, símẹ́ńtì àti irin ìrẹ́lé rẹ̀, ó wọlé, ó fọ ojú ìlà náà mọ́, ó dí i, ó sì rẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti ilẹ̀ dé òkè. Kò sọ fún mi. Ó kàn dé sílé tó ń kọrin. Mo rò pé oníbàárà kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún un.

Ọkùnrin tó ń yẹ ilé wò, tí mo sọ lórúkọ Ayẹléwò, lọ síbẹ̀ nígbà tí símẹ́ńtì náà ti gbẹ. Kò pẹ́ sígbà náà tí Akọ̀wé pè wá sí báńkì. Kò rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a jókòó, ó sì bu omi tútù fún wa. Ẹni tí wọ́n bá ti bu omi fún ní báńkì, kó yáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

"Ẹ má bínú, Sà. Ẹ má bínú, Mà," ó ní. "Báńkì ò ní lè yá yín lówó lórí ilé yẹn."

"Kí la ṣe?" mo bi í.

"Ẹ̀yin kọ́, Mà. Ilé ni. Ẹni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ara ilé náà ló ti hunjọ, àfi ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tó ń dán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ ni. Ó ní ẹni tó bá ń ta ilé tó gbó, tó wá lọ tún ojú ògiri kan ṣoṣo ṣe, nǹkan ló ń bò. Bóyá ògiri náà fẹ́ wó ni, bóyá ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ló ń rì. A ò lè mọ̀, torí a ò lè rí i mọ́."

Mo yíjú sí ọkọ mi kí a lè jọ bú Tíṣà. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò.

Ó rọra béèrè pé, "Ẹni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò yẹn... ṣé ó sọ pé iṣẹ́ náà dára?"

Akọ̀wé wò ó. "Sà?"

"Ògiri yẹn. Ṣé ó ní wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa?"

"Ó ní ó dáa jù, Sà. Ó ní ká ní kò dáa tó bẹ́ẹ̀ ni, ojú òun ì bá má lọ síbẹ̀."

Ẹ gbà mí, mo rí ẹ̀rín lẹ́nu ọkọ mi. Ẹ̀rín kékeré ni, kò sì pẹ́, àmọ́ mo rí i. Báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, òun ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi, orin tó ń kọ, símẹ́ńtì tí mo rí ní abẹ́ èékánná rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá.

Nígbà tí a jáde, mo bínú, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti dá a dúró, níwájú àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀.

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ilé onílé! Ṣé ọwọ́ yín ò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn bá ilé tó dára níbẹ̀ ni."

"Ó bá a! Ó dára débi pé wọn ò fún wa!"

"Ìlà lásán ni, ìyàwó mi. Pílásítà àtijọ́ ló gbẹ tó là. Ògiri gangan ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn án, mo gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Ẹ padà wọlé, ẹ lọ sọ fún báńkì pé ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀."

Obìnrin kan láàárín àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó mú mi dákẹ́. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ohun tó wà lọ́kàn òun ni pé Ìyá Àgbà á máa gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, òun ò sì lè gbà kí ọmọ òun máa fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n rẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n a jọ wọ ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni a lọ tààrà. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán láìdá sí i. Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ló kọ́kọ́ dùn ún.

"Ṣé báńkì ń rò pé èmi ni mo purọ́?" ó ní. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi bá ọmọ ọlọ́mọ wí torí irọ́?"

Ọkọ mi ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Tíṣà ní kó dìde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ yẹn tán ni.

"Téèpù dà?" ó bi í.

"Téèpù wo, Mà?"

"Téèpù ìyàwó ẹ tó o ní ó gbàgbé síbẹ̀, tó o fi wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọkọ mi àti Tíṣà jọ yíjú sí mi. Téèpù wà lọ́rùn mi. Ọrùn mi ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti gbé e kọ́rùn lọ sílé ìjọsìn rí. Tíṣà ní ó dáa, lọ́la àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ sí báńkì yẹn, kí ọkọ mi lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó sì sọ ọ́. Ó dúró níwájú tábìlì Akọ̀wé bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ fèrèsé, Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bóyá ó fo ibì kan. Akọ̀wé gbé fóònù, ó pe Ayẹléwò, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Èsì tó gbà ni pé Ayẹléwò á tún padà lọ wò ó, àmọ́ ìhòòhò ògiri ni òun fẹ́ rí. Kí ẹni tó lẹ nǹkan mọ́ ọn lọ ṣí i kúrò lójú òun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí báńkì sọ ti di ohun tí wọ́n sọ, àwọn ò ní yáni.

Mo ti pe Ìyá Àgbà, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á sunkún. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ó rín in títí tó fi ń wúkọ́, lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Màámi, ṣé onítáyà yẹn ṣì ń dúró?" Mo ní ó ń dúró. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wọ́n ti pín yàrá tuntun fún àwọn, òkè tún ni.

Lọ́jọ́ tí a lọ ṣí ògiri, ó sá kúrò ní kíláàsì wá síbẹ̀, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí Tíṣà fi sílẹ̀. Ayẹléwò ti dé ṣáájú wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju bó ṣe ga lọ. Ọkọ mi gbé òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi ń sin ìyá rẹ̀. Ojú tó fi sin ìyá rẹ̀ ló fi gbé òòlù náà.

Iṣẹ́ náà kò fẹ́ jáde. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, kì í fẹ́ kúrò. Ó lù ú, eruku díẹ̀ já bọ́. Ó tún lù ú, ó fọ́ bí èépá. Ó ń làágùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Bàámi," Ìyá Àgbà sọ láti orí àga, "ká ní iṣẹ́ Yárayára ni, ì bá ti já bọ́ fúnra ẹ̀."

Ó fi ìyẹn tù ú nínú ni. Mo rí i pé ó tù ú díẹ̀.

Nígbà tí ìlà náà hàn padà, Ayẹléwò tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó fi ìka kàn án lókè, ó kàn án nísàlẹ̀. Ó ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀, irin náà kò wọlé rárá. Ó jáde, ó wo ìta ilé náà yí ká, ó tún wọlé. Ìyá Àgbà ti di orí ọ̀pá rẹ̀ mú ṣinṣin, èmi náà ò mọ ìgbà tí mo fi téèpù ọrùn mi wé ìka.

"Pílásítà àtijọ́ ló gbẹ tó là," ó ní. "Ògiri gangan ò ṣe nǹkan kan."

Ọkọ mi lanu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa á dé.

"Màá sọ fún báńkì pé kò séwu," Ayẹléwò ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àmọ́ wọn ò ní yáwó lórí ilé tí ògiri ẹ̀ wà báyìí. Kí wọ́n tún un rẹ́ kí oṣù tó parí."

Ọkọ mi ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa.

"Ẹ̀yin kọ́, Sà. Ẹni tó ń ra ilé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án mọ́ títí á fi di tiẹ̀. Ẹlòmíràn ni, ẹni tí kì í ṣe ẹbí yín."

A wá ẹlòmíràn. Gbogbo àwọn tí ọkọ mi lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iṣẹ́ wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó máa ráyè kí oṣù tó parí. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ẹni tó ń tètè parí iṣẹ́ ló ń tètè ráyè.

"Ẹ̀gbọ́n Dígí," Yárayára sọ nígbà tó dé, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra, "ẹ fọkàn balẹ̀. Màá ṣe é bíi tiyín."

"Má ṣe é bíi tèmi," ọkọ mi dá a lóhùn. "Bíi tèmi ló kó wa sí wàhálà."

Mo mú un jáde. Mo dojú garawa dé, mo ní kó jókòó lé e, kó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Èmi náà jókòó tì í, mo ń ṣẹ́ etí aṣọ fèrèsé. A ń gbọ́ irin Yárayára láti inú ilé.

"Símẹ́ńtì ẹ̀ ti ṣàn jù," ọkọ mi ní.

"Ẹ jókòó."

"Kò tíì tẹ ìsàlẹ̀ dáadáa, ó ti ń lọ sókè. Mo ń gbọ́ ọ."

"Ẹ jókòó, Bàbá Ìyá Àgbà."

Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí orúnkún rẹ̀, ó ń bá ọkùnrin yẹn rẹ́ ẹ. Mi ò tíì ṣẹ́ etí aṣọ kan tán tí Yárayára fi jáde, tó ń wá omi tí á fi fọ ọwọ́. A wọlé lọ wò ó. Ògiri náà ní òkè, ó ní àfonífojì, iyanrìn yọ sójú rẹ̀ níbi gbogbo. Ọkọ mi wo Yárayára, ó wò mí, ó rántí ọmọ rẹ̀.

"O ṣeun," ó ní. Mi ò gbọ́ kó dúpẹ́ ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ayẹléwò padà wá, ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ó ti dára. Báńkì yí ọ̀rọ̀ wọn padà, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló pè wá, oṣù kò sì tíì parí. Onítáyà wá ibòmíràn lọ. Tíṣà fún Ìyá Àgbà ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní kó má kàn jẹ́ kí bàbá rẹ̀ yá a.

Ìyá Àgbà kó wọlé, a fi í sílẹ̀ kó lè mójú tó ìwé rẹ̀. Nígbà tí a máa lọ kí i, mo rí i pé ọkọ mi gbé garawa sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi aṣọ fèrèsé tó kù bò ó. Ilé ti di tiwa, ògiri náà sì burú lóòótọ́. Mo ní kó lọ fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá Àgbà ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó kí wa, ó yí padà, ó ní òun ń lọ bu omi wá. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ògiri, ó ń gbé e láti ibi tó wú dé ibi tó tún wú, ara rẹ̀ nàró, kò sì kánjú. Ó dé ilé ìdáná, ó padà wá, ife omi wà lọ́wọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó yàtọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn níbi tó gbé e kọ́ sí.

Ọkọ mi gbé garawa kalẹ̀. "Ọ̀pá ẹ ńkọ́?"

"Ìta ni mo ń lò ó fún, Bàámi. Nínú ilé, ògiri ń dì mí mú."

"Ògiri ilé wa ńkọ́?"

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ wò mí. Mi ò ní ìrànlọ́wọ́ kankan tí mo lè ṣe fún un.

"Tiyín ń yọ̀, Bàámi. Kò sí ibi téèyàn á di mú. Bó ṣe rí láti kékeré mi nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ máa ń mú àlejò wá wò ó," ó ní.

Ọkọ mi na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri Yárayára láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin rẹ̀, ó tún pa á padà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò yínmú. A jẹun, mo ta aṣọ fèrèsé, a sì gbé garawa náà padà sílé bí a ṣe gbé e wá.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìró òòlù ló jí mi. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa. Ó ti wó gbogbo ojú ògiri rẹ̀ sílẹ̀, ògiri tó fi ń polówó ara rẹ̀, èrún rẹ̀ kún ilẹ̀, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Mo lọ bu omi fún un, mo sì bá a gbá ilẹ̀.

Ó po símẹ́ńtì, ó tún un rẹ́, ó fẹ́ kó rí gbágungbàgun. Ó dán. Ó fi ìgbálẹ̀ họ ọ́ nígbà tó ṣì tutù, ó sún sẹ́yìn kó wò ó dáadáa, kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbẹ̀, ó ti tún un ṣe. Ó dán. Ó gbìyànjú títí ọ̀sán fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló fẹ́ jáde lójú mi.

Ó mú fóònù.

"Yárayára," ó ní, "ṣé ọwọ́ ẹ dilẹ̀? Ilé mi ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi ń bọ̀ wálé fún ìsinmi." Ó gbọ́ ohun tí ọ̀hún ń sọ, ó mi orí. "Rárá o. Má fara balẹ̀. Bó o ṣe máa ń ṣe é gan-an ni kó o ṣe é."